Ohùn Tó Ṣáájú Ẹnu

Libreville, ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní, ọdún 2009

Ìyá mi,

Èmi Nafiou ni mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Gabon. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú àìsinmi, ẹ kú ọyẹ́ tí mo mọ̀ pé ó ń la yín létè ní Tchaourou báyìí. Níhìn-ín òjò ni, aṣọ tí a bá sá kì í gbẹ. Ara mi le, ara ìyàwó mi le, ọmọ ti ń sáré.

Bassirou sọ fún mi lórí fóònù pé àìsàn náà ti mú apá ọ̀tún Bàbá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, pé ahọ́n rẹ̀ kò gbé ọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní etí rẹ̀ ń gbọ́, pé orí ló fi ń dáhùn: á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ bó bá gbà, á gbọ̀n ọ́n bó bá kọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé mi ò lè wá. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá ibí. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́, ìyàwó àti ọmọ á sì wà níhìn-ín láìní ẹni tó máa bọ́ wọn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ mọ àṣà ilé wa, pé bí àgbà bá ń múra àtilọ, wọn a máa pe orúkọ àwọn ará ilé fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kó foríjì wọ́n kó tó lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é fún Bàbá, kí tonton Tidjani, àbúrò rẹ̀, má fi orúkọ mi sílẹ̀. Ọdún kẹwàá ń lọ tí mo ti sá nílé ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ so yìgì èmi àti Hawaou, ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá ní Kika. Ẹ̀yin lẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé fún mi, Ọlọ́run ò sì jẹ́ kí Bàbá mọ̀. Àlejò ti kún àgbàlá, ẹran ti wà lórí iná, ọkọ ìyàwó sì ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Cotonou. Láti ọjọ́ náà Bàbá ò dá mi lóhùn mọ́. Bí mo bá pè, á gbé fóònù náà fún yín bí ẹni tó ṣèèṣì di ẹyin iná mú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún Imorou, ẹni tó ń ya fídíò ìyàwó nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, kó wá yà á fún mi. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo mọ̀ yín, Ìyá. Bí Bàbá bá kọ̀, ẹ ó sọ fún mi pé ó gbà. Ojú ara mi ni mo fẹ́ fi rí i.

Iṣẹ́ mi ń lọ. Bí ẹ bá jókòó ti Bàbá, ẹ sọ fún un pé fídíò tí ohùn rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò lẹ́nu ni àwọn èèyàn ń gbé wá fún wa. Ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á ti pa dé, ọ̀rọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jáde. Òmíràn ru ohùn méjì tàbí mẹ́ta, Faransé lọ́tọ̀, èdè Fang ti ibí lọ́tọ̀, kí ẹni tó ń wò ó yan èyí tó gbọ́. Ọ̀kan á bá ẹnu mu, èkejì á máa wọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn. Èmi ni mo ń dá wọn padà síbi tó yẹ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ni Bàbá ń pè é, nítorí pé iṣu kan kò tinú rẹ̀ jáde rí. Ẹ ṣáà bá mi kí i.

Ọmọ yín,
Nafiou


Tchaourou, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì, 2009

Nafiou, ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ tí mi ò tíì gbé rí. Bassirou ti pè ọ́, nítorí náà mi ò ní máa yí ọ̀rọ̀ ká. Bàbá yín ti lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ló lọ, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Èrò pọ̀ débi pé wọ́n ń kírun lójú títì. Bàbá Hawaou pàápàá wá láti Kika. Ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ló dúró sí, kò wọ inú ilé, kò sì jẹun.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ èyí. Ẹ̀kọ́ èdè Nàgó wa tí wọ́n kọ́ àwa obìnrin tó ń ṣa kajú lábẹ́ igi máńgòrò ni mo fi ń kọ ọ́, nítorí náà má ṣe máa ka àṣìṣe mi. Mi ò fẹ́ fóònù. Bó bá dún nílé yìí, gbogbo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń yọ etí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní ìjọba Renouveau dé, tí kálukú lè sọ tẹnu rẹ̀ láìsí ẹni tó máa mú un, ilé bàbá yín nìkan ni kò tíì dé.

Ohun tí o bẹ̀ mí, mo ṣe é. Ní ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, tonton yín jókòó tì í, ó sì pe orúkọ wa tẹ̀lé ara: Alimatou ẹ̀gbọ́n yín, Bassirou, ìwọ, èmi ìyàwó rẹ̀ gbẹ̀yìn. Imorou yà á. Tonton, èmi, Imorou àti ẹni tó ń lọ, kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Fídíò náà wà nínú kílé kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Obìnrin kan tó ń kó kajú lọ Cotonou ló bá mi gbé e fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Wò ó kí ọkàn rẹ balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Fídíò òkú kì í ṣe ohun tí à ń wò ní àwòtúnwò.

Orúnkún mi ń dùn mí. Bí òróró ìfipara tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí bá ṣì wà ní ọjà yín, rántí mi.

Ìyá rẹ, Kafilatou


Libreville, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, 2009

Ìyá mi,

Ẹ kú àdánù wa. Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹni tó gbé kílé náà wá tọ́jú rẹ̀, ó dé ọwọ́ mi láìsí ìfọ́. Òróró náà ń bọ̀ pẹ̀lú ẹni tó gbé lẹ́tà yìí.

Mo wò ó. Tonton Tidjani pe orúkọ mi, ó ní, "Nafiou ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti foríjì í?" Bàbá sì tẹ orí wálẹ̀. Ìyá, mo sunkún débi pé ọ̀gá mi jáde wá bi mí bóyá iná mànàmáná ló gbé mi. Mo sọ fún ìyàwó mi. Mo gbé ọmọ lé orúnkún, mo sọ fún un pé bàbá àgbà rẹ̀ foríjì bàbá rẹ̀. Kò mọ ohun tí mo ń sọ, ó kàn ń nu ojú mi ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sùn bí èèyàn.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan orúkọ tiyín, Bàbá gbọn orí. Mi ò gbà á gbọ́. Gbogbo ayé yín lẹ fi dúró ti ọkùnrin yẹn. Kí ló wà láàárín yín tí mi ò mọ̀?

Nǹkan mìíràn sì wà. Fídíò náà kò mọ́. Ohùn ń ṣáájú ẹnu. Tonton kọ ẹ̀yìn sí Imorou, mi ò rí ètè rẹ̀, ṣùgbọ́n ife omi ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ tó ti ń pe Alimatou, mi ò sì rí ìdáhùn Bàbá sí i. Ní ìparí, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán, Bàbá tún tẹ orí wálẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan. Èrò mi ni pé eṣinṣin ni Bàbá ń fi orí lé nígbà tí a rí i pé ó gbọ̀n ọ́n, tí ohùn tó yẹ̀ sì wá gbé e lé yín lórí. Iṣẹ́ mi ni èyí. Màá tún un ṣe, màá sì fi hàn yín pé kò kọ̀ yín.

Ọmọ yín,
Nafiou


Tchaourou, ogúnjọ́ oṣù kẹrin, 2009

Nafiou,

Mo rí òróró, mo fi pa orúnkún, ó gbóná dáadáa. O ṣé.

Fi fídíò náà sílẹ̀. Eṣinṣin kọ́. Bàbá yín ní ìdí tó fi gbọn orí sí mi, ìwọ gan-an sì mọ ìdí náà, nítorí ilẹ̀kùn kan ni. Mi ò fẹ́ kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti gbà á. Èmi tí ọ̀rọ̀ kàn kò sunkún, kí ni ìwọ ń wá kiri?

Bí ohùn bá ṣáájú ẹnu díẹ̀, kí ló fi bàjẹ́? Láti kékeré lo ti rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi redíò tó ń kígbe dáadáa sílẹ̀, wàá tú u, wàá ní ariwo kékeré kan wà nínú rẹ̀, redíò náà ò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá rẹ foríjì ọ́, o rí i, o gbọ́ ọ. Gbé e mì kí o sinmi.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Bassirou ti ń kọ ebè ní oko ọ̀nà Kika. Alimatou ní kí n kí ọ.

Ìyá rẹ


Libreville, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún, 2009

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ òjò. Lẹ́tà yín bà mí lọ́kàn jẹ́ ju ikú lọ. Ṣé Bàbá wá mọ̀ nípa ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé náà ni? Ta ló sọ fún un? A jẹ́ pé nítorí tèmi ni ó ṣe kọ̀ yín. Èmi tí mo ṣẹ̀ ẹ́ gba ìdáríjì, ẹ̀yin tí ẹ ṣàánú mi lẹ wá gba ìkọ̀sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé irú ìyẹn mì?

Bassirou pè mí. Ó ní ní àdúà ọdún kan, òun fẹ́ fi fídíò náà han gbogbo ẹbí, títí kan àwọn Baatonu, àwọn Bàrìbá tí wọ́n jẹ́ ará ilé ìyá Bàbá ní Sanson. Ẹ fojú inú wò ó, Ìyá, kí gbogbo wọn jókòó kí wọ́n máa wo Bàbá tó ń gbọn orí sí yín. Mo ti sọ fún Bassirou pé kó fún mi láyè kí n tún un ṣe ná.

Kò ní le. Ohùn méjì ló wà nínú fídíò náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé Imorou sọ ọ́ ní Baatonu sí abẹ́ rẹ̀, bó ti máa ń ṣe sí fídíò ìyàwó kí àwọn àna lè gbọ́. Mi ò gbọ́ Baatonu ju kíkí lọ, ṣùgbọ́n orúkọ ni orúkọ ń jẹ́ nínú èdè gbogbo. Màá gbé ohùn kan ti èkejì, màá mọ èyí tó yẹ̀. Bí mo bá ní ìsinmi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá jókòó tì í.

Ọmọ yín tó ń ronú yín,
Nafiou


Tchaourou, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, 2009

Nafiou,

Òní ni lẹ́tà rẹ dé, òní náà ni mo ń dáhùn, ọlọ́kadà dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń dúró de ìwé yìí.

Ta ló ní kí Imorou fi Baatonu sí i? Èmi ò mọ̀. Má gbọ́ ohùn yẹn. Má gbé ohunkóhun ti ohunkóhun. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀, dúró. Mi ò fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́ rí nínú ayé mi, òun ni mo fi ń bẹ̀ ọ́ báyìí.

Màá bá Bassirou sọ̀rọ̀. Kò ní fi han ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ


Tchaourou, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án, 2009

Nafiou, ọkọ mi,

Ọdún ààwẹ̀ ti kọjá, o ò pè. Mo ní kí Bassirou pè ọ́, ó ń dún, o ò gbé e. Ó ní ìyàwó rẹ gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó ní o wà níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ wo ni kì í jẹ́ kí èèyàn kí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún?

Lẹ́tà mi tó gbẹ̀yìn le, mo mọ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ wa ní bí a ṣe ń fi ìwé pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ lábẹ́ máńgòrò yẹn. Bó bá jẹ́ pé ìyẹn ló ń bí ọ nínú, jọ̀wọ́ má bínú.

Iṣu tuntun ti jáde. Ti bàbá yín yọ dáadáa lọ́dún yìí, kò sì sí níbẹ̀ láti rojọ́ pé ó kéré. Àwọn oníṣòwò ti ń kó o. Mo gún iyán àkọ́kọ́, mo bu tìrẹ sọ́tọ̀ bí mo ti máa ń ṣe, mo sì fún ọmọ Alimatou jẹ nígbà tó tutù.

Fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi. Bó jẹ́ èébú, mo fẹ́ ẹ.

Ìyá rẹ, Kafilatou


Libreville, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá, 2009

Ìyá mi,

Mo kí yín. Lẹ́tà ọlọ́kadà yín dé lẹ́yìn tí mo ti ṣe iṣẹ́ náà tán. Mi ò mọ ohun tí mo lè kọ láti ìgbà yẹn wá.

Fídíò tí ohùn rẹ̀ yẹ̀ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sábà ń yẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ á bá ẹnu mu, bó ṣe ń lọ ni á máa jìnnà. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwọ̀n kan náà ni ohùn Nàgó fi ṣáájú, ìwọ̀n àkókò tí tonton fi ń bi ìbéèrè kan tó sì gba èsì. Ohùn Baatonu ní tiẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ọwọ́ èèyàn ló sún ti Nàgó.

Mo wá ibi tí màá ti mú un. Tonton mu omi kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ife kalẹ̀ sórí àwo irin. Nínú ohùn, ife ti dún lórí àwo nígbà tó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo rọra fa ohùn náà sẹ́yìn títí ife fi dún níbi tó ti kan àwo. Mo wá jẹ́ kó máa lọ. Tonton pe Alimatou, Bàbá tẹ orí wálẹ̀. Ó pe Bassirou, Bàbá tẹ orí wálẹ̀. Ó pè mí, Bàbá gbọn orí.

Kì í ṣe eṣinṣin. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó rọra yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bó ti máa ń ṣe sí ẹni tó bá ń na owó iṣu tí kò tó sí i. Lẹ́yìn náà ni tonton pe orúkọ yín, Bàbá sì tẹ orí wálẹ̀. Orí tó tẹ̀ ní ìparí tí mo ní kò sí ẹni tó ni ín, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Mo tún un ṣe lọ́tun. Mo sún ohùn síwájú, mo fà á sẹ́yìn, bí ẹni pé ibòmíràn wà tó ti lè bá a mu. Mo yí i sí Baatonu. Nafiou náà ni Imorou pè, orí náà sì gbọ̀n.

Ìyá, mo ti rìn ní títì ìlú yìí láti oṣù kẹta bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ foríjì. Mo sọ fún ìyàwó mi. Mo sọ fún ọmọ mi. Kí ni mo fẹ́ wí fún wọn báyìí? Mo bẹ̀ yín pé ojú ara mi ni mo fẹ́ fi rí i. Ta ló sún ohùn náà? Mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ sọ ọ́.

Nafiou


Tchaourou, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá, 2009

Ọmọ mi,

Èmi ni.

O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé o mọ̀ mí, pé bó bá kọ̀, màá ní ó gbà. O mọ̀ mí lóòótọ́. Nígbà tí bàbá yín gbọn orí, tonton yín tún bi í, ó tún gbọ̀n ọ́n. Mo ní kí tonton fi í sílẹ̀ kó má baà kú sínú ìbínú. Ìgbà kejì yẹn, Imorou ti pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń nu ojú, ìdí nìyẹn tí o kò fi rí i.

Lẹ́yìn tí wọ́n ka àdúà ọjọ́ mẹ́jọ, mo lọ bá Imorou. Mo ti rí i rí tó ń tún fídíò ìyàwó ṣe, tó ń sún ohùn síwá sẹ́yìn bí ẹni ń sún ẹní. Ó ní òun lè gé orúkọ rẹ kúrò. Mo ní rárá, bó bá gé e, o máa mọ̀. Mo ní kó sún gbogbo ohùn náà síwájú kí ìkọ̀sílẹ̀ bọ́ sórí tèmi. Ó kọ̀. Ó ní, "Tata, mi ò lè fi òkú purọ́." Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, àwọn oníbàárà ń kọjá lórí ẹsẹ̀ mi, títí ojú fi tì í tó sì ṣe é. Baatonu tí o rí, ó ti sọ ọ́ sí i kí n tó dé. Ó ti mọ́ ọn lára, kò rántí pé ó wà níbẹ̀.

O lè pè é ní irọ́. Èmi ò kà á sí irọ́. Ta ló ṣí ilẹ̀kùn? Ta ló di ẹ̀kọ àti àkàrà sínú àpò rẹ, tó ní kí o má wẹ̀yìn? Bàbá yín foríjì mí nítorí pé kò mọ̀ ọ́n títí ó fi kú. Bó bá mọ̀ ni, orí yẹn ìbá gbọ̀n sí àwa méjèèjì. Èyí tó tẹ̀ fún mi, mo jí i gbà ni. Èmi ni gbígbọ̀n yẹn tọ́ sí, mo sì ní kí Imorou gbé e wá fún mi.

Nínú gbogbo ohun tí bàbá yín fi sílẹ̀, kò sí ohun tó jẹ́ tèmi ju orí tó tẹ̀ wálẹ̀ yẹn lọ. Òun ni mo yọ fún ọ. Mo rò pé o ò ní tú u.

Bassirou ò gbọ́ tèmi, ó ti ra aṣọ funfun tí wọ́n máa na sára ògiri fi wo fídíò náà. Jọ̀wọ́, dá ohùn náà padà síbi tí mo ní kó wà, kí o sì pa Baatonu yẹn rẹ́. Jẹ́ kí wọ́n wò mí. Èmi ti dàgbà, ojú wọn kò lè pa mí.

Ìyá rẹ


Libreville, ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní, 2010

Ìyá mi,

Mo ka lẹ́tà yín lórí ìjókòó níbi iṣẹ́, mo pa á dé, mo tún ṣí i. Mo bínú sí yín gidigidi. Ó ti ń kọjá lọ.

Mi ò lè ṣe ohun tí ẹ bẹ̀ mí. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni láti mú ohùn bá ẹnu fún àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Bí mo bá kọ̀ láti ṣe é fún bàbá mi, kí ni mo sá nílé wá ṣe? Kílé tó wà nínú lẹ́tà yìí ni kí Bassirou fi hàn wọ́n. Nàgó àti Baatonu, méjèèjì bá ara mu látòkè délẹ̀. Mo yọ ariwo ẹ̀rọ kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó gbọ́ adìẹ ilé wa, ẹ ó gbọ́ èémí Bàbá. Mi ò ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó ń pè é ní iṣẹ́ afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀ láti wò ó.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí orí tó tẹ̀ fún yín. Ẹ kò jí i. Bí wọ́n bá dé orí orúkọ mi, ẹ má gbé ojú kúrò, kí ẹnì kan lè wà níbẹ̀ tó ń wò ó pẹ̀lú mi.

Mi ò tíì sọ fún ọmọ mi. Ó ṣì ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé bàbá àgbà òun foríjì bàbá òun.

Nafiou


Tchaourou, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, 2010

Nafiou, ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé rẹ. A ti ṣe àdúà ọdún kan. Àwọn ará Sanson wá, àwọn ará Kika wá. Wọ́n na aṣọ funfun náà sára ògiri yàrá bàbá yín, Imorou sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Ó yí i sí Nàgó, nígbà tó parí, ó tún un fi hàn ní Baatonu fún àwọn ará Sanson, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó, èmi tí mo ní kí o má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ rẹ mọ́. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Mo gbọ́ ife.

Nígbà tó kan orúkọ rẹ, mi ò gbé ojú kúrò. Bassirou dorí kodò, Alimatou ń sunkún. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ni bàbá Hawaou. Ó jókòó lẹ́yìn bó ti ń ṣe, ó dìde, ó ní, "Nítorí tèmi ni? Ọmọ mi ti bímọ nílé ọkọ mìíràn, inú rẹ̀ dùn, mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́. Bó bá bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún un." Ó ní ojú ń ti òun láti wá kí bàbá yín, bàbá yín náà ní ojú ń ti òun láti lọ Kika. Oko àwọn méjèèjì pààlà síra, wọ́n á máa gbọ́ ìró ọkọ́ ara wọn, ẹnikẹ́ni ò pe ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà jókòó padà sílẹ̀, ó bo ojú rẹ̀. Mo gbé omi fún un. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́.

Ìwọ ní kí ohùn bá ẹnu. Ó ti bá a mu. Bàbá yín kọ̀ ọ́, ó sì wà nílẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ mọ́.

Kílé kan wà nínú ìwé yìí. Èmi ni mo wà nínú rẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí níwájú yàrá bàbá yín, mo wé gèlè tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tí o bímọ. Mo sọ fún Imorou pé kó má gba ohùn kankan sí i, kò sí Nàgó, kò sí Baatonu. Mi ò sọ̀rọ̀. Mò ń tẹ orí wálẹ̀ ni, mo tẹ̀ ẹ́ títí Imorou fi ní, "Tata, ó tó." Mo ní kó má dáwọ́ dúró.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe orí bàbá yín. Ṣùgbọ́n gbé ohùn tìrẹ lé e. Bi mí ní ohun tó bá wù ọ́. Ibi yòówù kí o fi ìbéèrè náà sí, á bá orí mi mu.

Ìyá rẹ,
Kafilatou